Àtẹ̀gùn Tó Ń Yọ̀: Ìdí Tí Ẹnu Àwọn Òǹwòran Kò Fi Kò Lórí "The Haunted House"

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Lálẹ́ Sátidé tó kọjá, èmi àti àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wo fíìmù àtijọ́ kan lórí fóònù mi, The Haunted House ti Buster Keaton, aláwàdà ará Amẹ́ríkà láyé fíìmù tí kò ní ohùn. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín débi pé Kẹ́hìndé já bọ́ lórí àga. Bàbá mi tó jókòó tì wá ti sùn lọ kó tó dé ìdajì. Ìgbà tí wọ́n jí, wọ́n bá Keaton lẹ́nu ọ̀nà ọ̀run, wọ́n ní Ọ̀run Mooru ti Bàbá Sàlà ni wọ́n jí kó, pé ti Bàbá Sàlà sì dùn jù ú lọ. Àbúrò mi tó wà ní London ní òun ti wò ó rí, kò dẹ́rù bani, kò sì fi bẹ́ẹ̀ pani lẹ́rìn-ín. Mo wá lọ ka ohun tí àwọn mìíràn ń sọ. Ẹlòmíì ní kò sí irú rẹ̀, ẹlòmíì ní ó wà lára àwọn tí kò dáa tó nínú iṣẹ́ Keaton. Ta ni ká gbà gbọ́? Ṣé ó dẹ́rù ba àwọn ará ìgbà náà ni? Kí ló sì dé tí gbogbo wọn ń rìn bí ẹni tí iná ń jó nídìí? Ìyá Ìbejì, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, mo kí yín, mo kí Táyé, mo kí Kẹ́hìndé tó já bọ́ lórí àga. Nígbà míì tí ẹ bá fẹ́ wo Keaton, ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀.

Ẹ bi mí pé ta ni ká gbà gbọ́. Ẹ gba gbogbo wọn gbọ́. Kì í ṣe pé mò ń wá ojúure gbogbo ilé yín o. Fíìmù mẹ́ta ló wà nínú ẹyọ kan tí ẹ wò yẹn, ohun tí olúkúlùkù sì rí nínú rẹ̀ ló ń sọ. Ẹni tó fẹ́ràn báńkì kò bìkítà fún iwin. Ẹni tó tìtorí iwin wá kò ní sùúrù fún báńkì. Ẹni tó sì jí nígbà tí Keaton ti dé ọ̀run, irú bíi Bàbá wa, fíìmù kẹta nìkan ló wò.

Oṣù Kejì ọdún 1921 ni fíìmù yìí jáde. Keaton àti Edward F. Cline ló jọ darí rẹ̀. Rílì méjì ni, ìyẹn nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, torí irú fíìmù kúkúrú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ṣáájú fíìmù gígùn nínú sinimá nígbà náà. Láàárín ìṣẹ́jú 20 yẹn, ọkùnrin kan kúrò nídìí iṣẹ́ báńkì, ó bọ́ sínú ilé tí wọ́n ní iwin ń gbé, ó gòkè dé ọ̀run, wọ́n sì jù ú sí ọ̀run àpáàdì. Ìrìn náà pọ̀ fún ìṣẹ́jú 20, ibẹ̀ sì ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú báńkì. Mo ti fi fíìmù yìí han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì sí ọdún tí ẹnì kan kì í sọ pé, "Bùọ̀dá, ìgbà wo ni iwin fẹ́ jáde?" Ẹ̀sùn tí àwọn òǹwòran sábà máa ń fi kàn án nìyẹn, pé báńkì ti gbà á lákòókò jù. Èmi kò gbà. Ní tèmi, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ Keaton ti já gaara jù. Akọ̀wé tó ń ka owó fún oníbàárà ni. Gọ́ọ̀mù dà sí i lọ́wọ́. Ó tán, kò sí nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó fi gọ́ọ̀mù yẹn ṣe. Owó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó fẹ́ fi ọwọ́ kejì tú u, ó tún lẹ̀ mọ́ ìyẹn. Ó gbé owó fún oníbàárà, owó kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Oníbàárà fà á, òun náà kó gọ́ọ̀mù. Kó tó pẹ́, gọ́ọ̀mù ti di ẹ̀dá kan nínú fíìmù náà, ó ní ìwà tirẹ̀, ó sì ní ìkà nínú. Àwọn adigunjalè wá wọlé, gọ́ọ̀mù yìí kan náà ló da iṣẹ́ wọn rú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ó fi mọ irú eré yìí ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 1895 ni wọ́n bí i ní Piqua, ìlú kékeré kan ní Kansas, òṣèré orí ìtàgé sì ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Láti kékeré ni òun náà ti ń bá wọn ṣeré. Iṣẹ́ tirẹ̀ nínú eré náà ni pé kí bàbá rẹ̀ máa gbé e sọ káàkiri orí ìtàgé bí ẹni ń sọ àpò ẹ̀wà. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ọgbọ́n kan tó gbé e dé ọjọ́ alẹ́ rẹ̀: bí òun bá rẹ́rìn-ín, àwùjọ kì í rẹ́rìn-ín, bí òun bá di ojú mú bí ẹni tí kò mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. Ẹ ó rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ojú rẹ̀ kò yí padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ní òun kò rí ohun tó pani lẹ́rìn-ín nínú fíìmù yìí ń retí kí òṣèré fi ojú sọ fún wọn pé ibi ẹ̀rín ti dé. Keaton kì í ṣe ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá bi àbúrò yín léèrè, kò ní yà mí lẹ́nu bí ó bá sọ pé àwọn aláwàdà tó máa ń ya ojú ni òun fẹ́ràn.

Ó yá, ẹ̀rù. Ṣé ó dẹ́rù ba àwọn ará ìgbà náà? Rárá o, wọn kò sì ṣe é kó dẹ́rù bani. Kí Keaton tó fi ẹsẹ̀ kan ilé yẹn, fíìmù náà ti jẹ́ kí àwa òǹwòran mọ̀ pé ọ̀gá báńkì fúnra rẹ̀ ló wà nídìí olè jíjà náà, pé òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ilé àtijọ́ yẹn di ibùba, tí wọ́n fi ẹ̀tàn oríṣiríṣi sínú rẹ̀ kí aráyé lè rò pé iwin ń gbé ibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sún mọ́ ọn. Àwa mọ̀, Keaton kò mọ̀. Ẹni tó mọ ibi tí wọ́n gbẹ́ kòtò sí kì í bẹ̀rù kòtò. Ó kàn ń retí ẹni tí yóò já sí i ni. Ìrètí yẹn ló ń pa Táyé àti Kẹ́hìndé lẹ́rìn-ín.

Àwọn òǹwòran ọdún 1921 tún mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Irú ìtàn yẹn ti kún orí ìtàgé wọn: ilé ńlá, òru, ariwo lókè àjà, ẹsẹ̀ ń dún níbi tí kò sí ènìyàn, kí aṣọ tó wá ká lójú pé olè ló ń bẹ níbẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1920 ni eré kan tí wọ́n ń pè ní The Bat bẹ̀rẹ̀ ní New York. Mary Roberts Rinehart àti Avery Hopwood ló kọ ọ́. Owó báńkì tó pòórá àti ilé tí wọ́n ti ń dẹ́rù ba àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ wà nínú ìyẹn náà, àwọn èrò sì ń rọ́ lọ wò ó. Oṣù mélòó kan péré ló wà láàárín rẹ̀ àti fíìmù Keaton. Èmi kò sọ pé ibẹ̀ ló ti mú un o, ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó jókòó sínú sinimá lọ́dún náà ti mọ irú ilé tí wọ́n mú òun wọ̀. Lónìí, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bá ní "Scooby-Doo mà nìyí," òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ ọdún 1969 ni Scooby-Doo, eré àwòrán àwọn ọmọdé tó kún fún iwin èké, bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ló jọ bàbá, bàbá kì í jọ ọmọ.

Ibi tí Keaton ti ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni pé kò fi ẹ̀tàn náà mọ sọ́wọ́ àwọn olè nìkan. Ó ní ẹgbẹ́ òṣèré kan tó ń ṣe eré Faust ní ìlú náà, ìtàn ọkùnrin tó ta ọkàn rẹ̀ fún Sàtánì. (Sàtánì ni mo wí o, n kò dárúkọ Èṣù Láàlú. Ẹ jẹ́ ká fi olóríjorí sí ipò rẹ̀.) Eré náà burú débi pé àwọn òǹwòran dìde, wọ́n sì lé wọn jáde. Ẹ bi mí nípa èrò àwọn òǹwòran, Ìyá Ìbejì, ẹ wo bí àwọn òǹwòran inú fíìmù yìí ṣe ń sọ èrò tiwọn! Àwọn òṣèré sá, pẹ̀lú aṣọ eré lọ́rùn, wọ́n sì bọ́ sínú ilé yẹn. Báyìí ni Sàtánì gidi, tàbí ẹni tó wọ aṣọ rẹ̀, ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú ilé tí àwọn olè ti fi iwin èké sí. Ta ni ẹ rò pé ẹ̀rù bà? Àwọn olè! Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Bí mo bá ń wo fíìmù yìí pẹ̀lú àwùjọ, ibi tí àwọn àgbàlagbà ti máa ń rẹ́rìn-ín jù nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé àtẹ̀gùn ni ti àwọn ọmọdé.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí àtẹ̀gùn náà, torí òun gan-an ni mo kà sí ọkàn fíìmù yìí.

Ẹ rántí bó ṣe ń ṣe. Ẹnì kan á máa gòkè, àwọn ìtẹ̀sẹ̀ á ká pọ̀, gbogbo rẹ̀ á di pẹrẹsẹ, onítọ̀hún á sì yọ̀ wálẹ̀ ràì. Ìgbà àkọ́kọ́, a rẹ́rìn-ín nítorí pé ó ṣubú. Ìgbà kejì, a rẹ́rìn-ín nítorí pé a ti mọ̀ pé yóò ṣubú. Lẹ́yìn náà, Keaton alára á bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí i, á máa wo àtẹ̀gùn bí ẹni ń wo ajá tó ti bu òun jẹ rí. Ẹlòmíràn tí kò mọ nǹkan kan á wá gùn ún. Àwọn kan á ní, "Ohun kan náà ló ń ṣe léraléra." Òótọ́ ni, ohun kan náà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni kan náà. Ẹni tó ń gùn ún ń yí padà, ohun tí onítọ̀hún mọ̀ sì ń yí padà. Bí ẹ bá ti gbọ́ onílù tó ń lu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo títí, tó kàn ń yí ìdí rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, ẹ ti mọ ohun tí mò ń wí. Ẹni tí kò tẹ́tí á ní ariwo kan náà ni.

Àwọn tó ń wá ẹ̀rù kò lè rí i, nítorí Keaton kò fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù. Lẹ́yìn tí àwọn iwin aláṣọ funfun ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó dúró láàárín wọn, ó na ọwọ́, ó ń darí wọn bí yẹ́lò fífà ní oríta: ẹ̀yin dúró, ẹ̀yin kọjá. Bí ẹ̀rù bá ti di iṣẹ́ ojúmọ́, ẹ̀rù ti tán. N kò rò pé ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan wà nínú fíìmù kúkúrú kankan láyé ìgbà náà tó sọ irú ènìyàn tí Keaton jẹ́ tó ìyẹn. Ayé dàrú mọ́ ọn lórí, ó wá bí yóò ṣe tò ó.

Ó kù ibì kan tí ẹ̀sùn àwọn òǹwòran ti múná, mi ò sì ní gbèjà rẹ̀. Ẹ rántí ibi tí egungun ènìyàn méjì ti ń to ẹ̀yà ara jọ, ẹsẹ̀ lórí ẹsẹ̀, àyà, apá, orí, tí odindi ọkùnrin sì dìde tó ń rìn lọ? Àwọn kan bi mí pé, bí gbogbo iwin ilé yẹn bá jẹ́ ẹ̀tàn, ta ló tàn wá ní tibẹ̀? Kò sí ìdáhùn. Idán kámẹ́rà ni, irú èyí tí Georges Méliès, onídán ará Paris, ti ń ṣe láti ọdún 1896 nígbà tó fi ìṣẹ́jú bíi 3 ṣe fíìmù kan nípa ilé Sàtánì, tí egungun àti àdán ń yọ tí wọ́n sì ń parẹ́. Ó lẹ́wà, ó sì ba òfin ilé náà jẹ́. Keaton pàápàá yóò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń ráhùn. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fíìmù gígùn tirẹ̀ lọ́dún 1923, ó sọ pé òun kò lè máa fi irú ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí i mọ́, torí àwùjọ kò ní gba ìtàn náà gbọ́ mọ́. Nínú fíìmù kúkúrú, ó ṣì ń jayé orí rẹ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé àṣìṣe ni.

Ẹ jẹ́ ká wá bá Bàbá. Wọ́n ní Ọ̀run Mooru ni wọ́n jí kó. Ẹ bá mi fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn pé fíìmù Keaton fi ọdún 61 ṣáájú, torí ọdún 1982 ni Ọ̀run Mooru jáde. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú wọn rí kì í ṣe irọ́. Bàbá Sàlà dé ọ̀run, wọ́n ní àsìkò rẹ̀ kò tíì tó, wọ́n dá a padà. Wọ́n lù Keaton lórí nínú ilé yẹn, ó dákú, áńgẹ́lì méjì jí i nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn gígùn kan, ó gùn ún títí dé ọ̀dọ̀ Pétérù, Pétérù ní kò sí àyè. Àwọn méjèèjì ni wọ́n lé padà lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ẹni tó jí ti ẹnì kankan kó. Aláwàdà níbi gbogbo ló mọ̀ pé kò sí ẹnu ọ̀nà tí ìtìjú rẹ̀ pọ̀ tó ti ọ̀run.

Ṣùgbọ́n ohun tí Bàbá pàdánù nítorí oorun nìyí. Àtẹ̀gùn ọ̀run yẹn, ṣé ẹ rí ohun tó ṣe? Ó di pẹrẹsẹ! Keaton yọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ọ̀run, ó kọjá ayé, ó já sí ọ̀run àpáàdì. Gbogbo ìṣubú tó ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé olè, ìdánrawò fún ìṣubú yìí ni. Ẹni tó ti rí àtẹ̀gùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin nísàlẹ̀ ni ẹ̀rín ọ̀run lè mú. Ẹni tó sùn nígbà náà, tó wá jí lókè, á kàn rí ọkùnrin tí wọ́n lé ní ọ̀run. Ó dájú pé ti Bàbá Sàlà á dùn jù ú lọ lójú rẹ̀! Èdè rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, àwàdà tó sì mọ orírun rẹ̀ ni. Mi ò ní bá wọn jiyàn.

Àbúrò yín ní kò pani lẹ́rìn-ín. Ẹ bi í bóyá òun nìkan ló wò ó, lórí fóònù, pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń fi sétí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ṣe irú fíìmù yìí fún ilé tó kún, fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ẹ̀rín ẹnì kan ń ran ẹnì kejì. Ẹ ó ṣàkíyèsí pé lẹ́yìn ìṣubú kọ̀ọ̀kan, Keaton máa ń dúró díẹ̀, á wo iwájú, kò ní ṣe nǹkan kan. Àyè ẹ̀rín ni wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀. Nínú yàrá tí ènìyàn kan ṣoṣo wà, àyè yẹn á dà bí ẹni pé fíìmù ti dúró. Harold Lloyd, tí òun náà jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí, máa ń fi fíìmù rẹ̀ han àwùjọ kó tó parí rẹ̀, á gbọ́ ibi tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín àti ibi tí wọ́n ti dákẹ́, á sì padà lọ tún un gé. Ẹ̀rín àwùjọ wà lára irinṣẹ́ wọn, bí akọrin ṣe ń fi àwọn ẹlẹ́gbè kọrin. Ní ilé yín, Táyé àti Kẹ́hìndé ni ẹlẹ́gbè. Àbúrò yín kò ní.

Ti eré sísá wọn: kì í ṣe iná ló ń jó wọn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí kámẹ́rà láyé ìgbà náà, kò sì sí iye àwòrán kan pàtó tí gbogbo ayé fẹnu kò lé lórí fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbà tí ohùn wọ inú fíìmù ní ìparí àwọn ọdún 1920 ni wọ́n tó so ó mọ́ 24. Bí wọ́n bá ya fíìmù ní iye tó kéré sí i, tí ẹni tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì wá ń fi 24 tàn án, gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ á máa sáré. Ẹ má sì di gbogbo ẹ̀bi lé olúwarẹ̀ lórí. Àwọn aláwàdà náà máa ń mọ̀ọ́mọ̀ yí kámẹ́rà lọ́ra kí ìṣubú lè yá díẹ̀ ju ti ojoojúmọ́ lọ. Àmọ́ bí ó bá ti yá débi pé ẹ kò rí ojú Keaton mọ́, ẹ̀dà tí kò dáa lẹ ń wò, ẹ wá òmíràn.

Ẹ̀dà oríṣiríṣi ló wà, torí ẹ̀tọ́ lórí fíìmù yìí ti kúrò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá wù ló lè gbé e jáde pẹ̀lú orin tó bá wù ú. Kò sí orin tí wọ́n bí mọ́ ọn. Lọ́dún 1921, ilé sinimá kékeré á ní ẹnì kan nídìí dùùrù, ilé ńlá á ní àwọn olórin, kálukú ló sì ń lu tirẹ̀. Ìdí kan rèé tí èrò àwọn ènìyàn fi ń takora. Ẹni tó gbọ́ orin tó ń dẹ́rù bani lábẹ́ rẹ̀ á retí iwin. Ẹni tó gbọ́ dùùrù tó ń fò sókè sódò á retí àwàdà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni mò ń sọ, ẹ pa ohùn rẹ̀ pátápátá, kí Táyé máa fi ọwọ́ lu tábìlì nígbà tí àtẹ̀gùn bá ń yọ̀. Mo ti dán an wò nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ rí, wọ́n ba tábìlì jẹ́.

Ní ti pé ó wà lára àwọn tí kò dáa tó nínú iṣẹ́ Keaton, èmi náà ní ìdájọ́ tèmi. Láàárín ọdún 1920 sí 1923, ó ṣe 19 irú fíìmù kúkúrú bẹ́ẹ̀ ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀. The Haunted House kò sí lára márùn-ún àkọ́kọ́ lójú mi. One Week, tó jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1920, nípa tọkọtaya tó ń kọ́ ilé wọn láti inú àpótí, ju u lọ dáadáa, nítorí pé ilé kan ṣoṣo àti ìṣòro kan ṣoṣo ló fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ti iwin yìí pín ọkàn níyà, mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má rò pé Keaton kò mọ èyí tó dáa yàtọ̀ sí èyí tí kò dáa o. Èyí tó kọ́kọ́ yà nílé iṣẹ́ tirẹ̀, The "High Sign", kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó gbé e pamọ́, oṣù Kẹrin ọdún 1921 ló tó jẹ́ kó jáde, lẹ́yìn ti iwin yìí pàápàá. Ẹni tó le mọ́ ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò fi The Haunted House pamọ́. Ó ní ohun tó rí níbẹ̀. Mo rò pé àtẹ̀gùn ni.

Ẹnì kan á sọ fún yín pé bí àwọn ọmọ bá fẹ́ràn èyí, kí ẹ fi Haunted Spooks ti Lloyd hàn wọ́n, ti ọdún 1920, torí ilé iwin ni òun náà. Ẹ wò ó fúnra yín ṣáájú. Ó dára ní àwọn ibì kan, irun orí tó ń dìde dúró fún ẹ̀rù wà níbẹ̀, ohun tí ẹ kò lè rí lára Keaton láé. Ìtàn rẹ̀ nìkan tó ìtàn: àárín ìgbà tí wọ́n ń ṣe fíìmù náà, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1919, ni bọ́ǹbù kan tí wọ́n rò pé ti eré ni bú lọ́wọ́ Lloyd níbi tó ti ń ya fọ́tò, ó sì gé àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún. Ó padà wá parí fíìmù náà. Láti ìgbà náà ló ti ń wọ ìbọ̀wọ́ nínú fíìmù kí a má baà mọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọkùnrin náà ń wá ọ̀nà láti pa ara rẹ̀ léraléra, wọ́n sì fi ṣe àwàdà. Bákan náà, àwọn òṣìṣẹ́ ilé tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú, kò sí iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n fún wọn ju kí wọ́n yí ojú, kí wọ́n máa gbọ̀n, kí wọ́n máa sá. Òṣèré gidi ni wọ́n o. Blue Washington wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọdé kan, Ernest Morrison, tí àwọn aráàlú ń pè ní Sunshine Sammy, ẹ ó sì rí i pé ọmọ yẹn mọ eré í ṣe ju ọ̀pọ̀ àgbà inú fíìmù náà lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn òǹwòran òde òní kì í lè rẹ́rìn-ín mọ́ bí wọ́n bá dé ibẹ̀, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Kẹ́hìndé á bi yín pé kí ló dé tó jẹ́ pé àwọn tó jọ òun nìkan ló ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀. Ẹ múra ìdáhùn sílẹ̀.

Èmi á ní kí ẹ fi One Week ṣe tẹ̀lé e, lórí tẹlifíṣọ̀n bí ẹ bá lè so fóònù mọ́ ọn, kí gbogbo ilé wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó ṣe ìyẹn, ẹ fún Bàbá ní oúnjẹ alẹ́ wọn lẹ́yìn fíìmù dípò ṣáájú, kí ẹ sì tún The Haunted House gbé sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí oorun bá ti ń kùn wọ́n nígbà tí báńkì ń lọ, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ kàn rí i pé ẹ jí wọn nígbà tí ọkùnrin tó wọ aṣọ Sàtánì bá ti ń sá bọ̀.